Ọgọ́ta Ìpín Wẹ́dà

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé mo máa ń kanra, ẹ má jiyàn, ẹ kàn bi í léèrè iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Wẹ́dà ni mí. Iná ló wà lójú mi láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, irin gbígbóná ló wà lọ́wọ́ mi, oníbàárà tó ní kí n ṣe géètì tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ló tún dúró tì mí, tó ń búra pé mẹ́sàn-án lòun sọ. Ta ni kò ní kanra? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe tèmi. Ti àbúrò mi obìnrin ni, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ìyá Olófòófó. Òun ló ṣiṣẹ́, òun ló làágùn. Èmi kàn bá ara mi nínú ẹ̀ ni.

Àbúrò mi kì í ṣe olófòófó o, ẹ má gbọ́ ọ sódì. Ẹ̀rọ kékeré kan ló ṣe, tí kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ. Inú fíríìjì tí wọ́n ń kó oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára sí ni wọ́n ń gbé e sí. Bí fíríìjì bá ti fẹ́ máa gbóná, ẹ̀rọ yìí á pe fóònù nọ́ọ̀sì, kò sì ní dákẹ́ títí ẹnì kan á fi dìde lọ wò ó. Àṣírí fíríìjì ló ń tú, ni wọ́n bá ń pè é ní Olófòófó. Lọ́yà iléeṣẹ́ ẹ̀ ní orúkọ yẹn ò bójú mu fún iléeṣẹ́ gidi. Àwọn nọ́ọ̀sì ní kí lọ́yà lọ jókòó, ó ti mọ́ àwọn lẹ́nu.

Ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí bàbá wa kú, òun jẹ́ mọ́kànlá. Mo fi ilé ìwé sílẹ̀, mo lọ kọ́ṣẹ́ wẹ́dà, mo sì san owó ilé ìwé ẹ̀ fún ọdún méje. Mi ò fi pa mọ́ fún un. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń ka owó sí i lọ́wọ́, mo máa ń sọ iye géètì tí mo jó kó tó pé, kó lè mọ̀ pé mi ò he é lójú títì. Lọ́jọ́ kan tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá rédíò mi lórí ẹní, ó ti tú u palẹ̀, gbogbo ìfun ẹ̀ wà níta. Háà! Mo pariwo débi pé ará ilé kẹta jáde. Ọmọ yẹn kàn ń gbọ̀n, ó ń to rédíò padà. Nígbà tó máa fi tò ó tán, rédíò náà ń dún ketekete ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo máa ń fi ìyẹn ṣe àwàdà fún àwọn èèyàn, à á sì jọ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó jáde ilé ìwé, ó ríṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kan, ibi tí wọ́n ń tọ́jú oògùn sí ni wọ́n fi í sí. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó ṣí fíríìjì, ó bá a pé ó ti kú láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Gbogbo abẹ́rẹ́ inú ẹ̀ ti bàjẹ́. Àwọn ìyá ti tò síta pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, òun ni wọ́n sì rán pé kó lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n máa lọ sílé. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lára ẹ̀. Ọdún méjì gbáko ló fi ń jó wáyà mọ́ wáyà nínú yàrá ẹ̀, tó ń ná owó oṣù ẹ̀ sórí nǹkan tí kì í dún, títí ó fi dún.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ló mú ìwé kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ forúkọ iléeṣẹ́ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí i níbí." Mo ṣí ìbòjú mi sókè, mo nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, mo tẹ́ ìwé sórí àgbá gáàsì, mo fọwọ́ sí i. Mi ò kà á. Ta ló ń ka ìwé lójú iná? Ó dúpẹ́, ó lọ, mo sì gbàgbé.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá ló wá sílé mi, ó jókòó sétí àga bí ẹni tó fẹ́ sá. Ó ní ẹnì kan fẹ́ dókòwò sínú iléeṣẹ́ òun, owó tó tó láti ṣe ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá Olófòófó. Mo ní kú oríire. Ó ní kò tíì di oríire. Àwọn lọ́yà olùdókòwò náà ti yẹ gbogbo ìwé iléeṣẹ́ wò, wọ́n sì rí nǹkan kan tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn.

"Kí ni wọ́n rí?"

"Ọgọ́rùn-ún ìpín la pín iléeṣẹ́ náà sí, Ẹ̀gbọ́n. Ogójì ni tèmi. Ọgọ́ta ni tiyín."

"Ọgọ́ta kí ni?"

"Ọgọ́ta ìpín. Ìwé tí ẹ fọwọ́ sí nígbà yẹn. Ní ti òfin, ẹ̀yin lẹ ni iléeṣẹ́ jù mí lọ."

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ẹni tí ìpín ẹ̀ bá pọ̀ jù ló láṣẹ, olùdókòwò náà ò sì lè kó owó ẹ̀ síbi tí ẹni tí kì í wá síbi iṣẹ́ ti ń pàṣẹ fún ẹni tó ń ṣe é. Wọ́n fẹ́ kí n dá márùndínlọ́gọ́ta padà fún òun, kí márùn-ún kù sí mi lọ́wọ́. Bí mi ò bá tíì fọwọ́ sí i títí ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù, wọ́n á gbé owó wọn lọ síbòmíràn. Owó tó sì wà ní báńkì iléeṣẹ́, oṣù méjì péré ló lè gbé àwọn òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di kó ti ilẹ̀kùn.

Mo ní, "Ó dáa o! Ọdún mẹ́fà ni mo fi ní iléeṣẹ́ láìmọ̀, ọjọ́ tí mo mọ̀ náà lẹ fẹ́ gbà á!" Ohùn mi ti lọ sókè. Ó ń wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Ó fi ìwé náà sórí tábìlì, ó ní kí n fara balẹ̀ rò ó, ó sì jáde. Ìyàwó mi yọjú láti ìyẹ̀wù, ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé olè ló wọlé ni?" Mo ní kó jẹ́ kí n gbádùn.

Ṣé mo wá gbádùn? Láti ọjọ́ yẹn, ìjókòó di ogun. Bí mo bá jókòó, màá dìde. Bí mo bá dìde, mi ò mọ ibi tí mò ń lọ. Mo jó ìdè ilẹ̀kùn oníbàárà kan mọ́ apá òdì, ilẹ̀kùn tó yẹ kó ṣí sínú ń ṣí síta, wọ́n gbé e padà wá pẹ̀lú èébú. Ọ̀rọ̀ kan ló ń yí lọ yí bọ̀ nínú mi. Kí lọmọ yìí rí lọ́bẹ̀ tó fi wàrù sọ́wọ́, tó fi gbé ọgọ́ta fún mi, tó mú ogójì fún ara ẹ̀?

Ọ̀rẹ́ mi onígbàjámọ̀ ló wá da epo sí iná náà. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kọjú sí tèmi. Bó ṣe gbọ́ ọ, ó pa ẹ̀rọ ìgẹrun, ó fi oníbàárà sílẹ̀ pẹ̀lú orí tó fá dé ìdajì, ó ń kígbe lójú títì: "Alága! Alága iléeṣẹ́!" Ó ní, "Má fọwọ́ sí nǹkan kan o. Jẹ́ kí wọ́n wá bẹ̀ ọ́ dáadáa. Ẹyẹ kì í sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀, ṣùgbọ́n èmi ń sọ fún ẹ."

Oníbàárà náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, orí mi ńkọ́?"

Kí n má purọ́, Alága yẹn dùn mọ́ mi. Láti ogún ọdún, ẹni tó bá ń wá mi ládùúgbò yìí, irin ló ń wá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí àwọn èèyàn tó wọ bàtà dídán máa jókòó síbì kan, tí wọ́n á máa dúró de ọwọ́ mi. Mo fẹ́ kí wọ́n dúró díẹ̀ sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, mi ò pe àbúrò mi, òun náà ò sì pè mí.

Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo ní ẹ jẹ́ kí n lọ wo nǹkan tí wọ́n ní mo ni. Mi ò débẹ̀ rí. Òkè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta bàtà ni, yàrá méjì, fèrèsé tí mo fúnra mi ṣe irin ẹ̀. Àwọn márùn-ún ló jókòó yí tábìlì gígùn kan ká tí wọ́n ń jó wáyà pẹ̀lú irin tín-ínrín. Ọ̀kan gbójú sókè, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣé ẹ wá gbé nǹkan ni?" Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí níbẹ̀. Mo ní Ìyá Olófòófó ni mò ń wá, wọ́n ní ó lọ sí ilé ìwòsàn kan.

Ibi tí mo dúró sí ni fóònù kan ti ké, gbogbo wọn sì gbé irin sílẹ̀. Fíríìjì kan níbì kan ti ń gbóná. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ò gbé fóònù, ni Olófòófó bá pe ibí. Wọ́n pe ẹnì kejì, kò gbé e. Ẹ wo bí wọ́n ṣe dìde dúró, tí èmi tí mi ò mọ nǹkan kan náà bẹ̀rẹ̀ sí làágùn. Ẹnì kẹta ló gbé e. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ní òun ti kó oògùn lọ sínú fíríìjì mìíràn, kò sí èyí tó bàjẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì padà jókòó. Mo sọ̀kalẹ̀ láìdágbére. Mo ń bi ara mi pé nínú gbogbo èyí, èwo gan-an ni tèmi?

Ọ̀dọ̀ lọ́yà ni mo gbà lọ láti ibẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí ọjọ́ orí ẹ̀ ò ju ti àkọ́bí mi lọ ni. Ó fa àga fún mi, ó ní, "Bàbá, kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ẹ mọ̀ pé lọ́yà iléeṣẹ́ ni mí, kì í ṣe tiyín. Bí ẹ bá rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ yín jẹ, ẹ lọ wá tiyín kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun." Mo fẹ́ràn ìyẹn. Mo ní ìjà kọ́ ni mo bá wá, ohun tí mo ní ni mo fẹ́ mọ̀.

Ó ní ìpín kì í ṣe owó tí wọ́n kó síbì kan tí mo lè lọ gbé. Àṣẹ ni, àti ẹ̀tọ́ sí èrè bí èrè bá dé. Ó ní ìgbàkígbà tí olùdókòwò bá wọlé, iléeṣẹ́ máa ń dá ìpín tuntun sílẹ̀ fún un, ti gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ á sì fẹ́lẹ́ sí i. "Bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ogójì, tí olùdókòwò méjì wọlé tán, kí ló kù fún un? Ọjọ́ tó bá sú u, á fi sílẹ̀ lọ. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù nìyẹn, Bàbá. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra yín." Ó wá mú bíírò. "Kí lẹ san fún ọgọ́ta náà?"

"Mi ò san nǹkan kan."

"Ṣé ẹ bá iléeṣẹ́ ṣiṣẹ́ rí?"

"Mo bá wọn ṣe irin fèrèsé. Wọ́n wá gbé e ní ṣọ́ọ̀bù mi."

"Ṣé wọ́n san owó ẹ̀?"

"Wọ́n san án."

Ó ṣí fáìlì, ó nawọ́ sí ojú ìwé kan. Ibi tí wọ́n ti ń bèèrè ohun tí onípìn-ín kọ̀ọ̀kan fi san owó ìpín ẹ̀ ni. Níwájú orúkọ mi, àbúrò mi ti fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ pé: Owó ilé ìwé mi, ọdún méje.

Omi lé ròrò sí mi lójú. Lọ́yà dúró kí n fi ọwọ́ nù ún kó tó sọ pé, "Ṣùgbọ́n òfin ò gba èyí. Ohun tí èèyàn ti ṣe tán kí iléeṣẹ́ tó wà, kò lè fi ra ìpín nínú ẹ̀."

"Ọdún méje! Ṣé òfin yín ò ní ìyá ni, àbí kò ní bàbá?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tó túmọ̀ sí ni pé kò sẹ́ni tó san owó ọgọ́ta ìpín yẹn rí, iléeṣẹ́ sì láṣẹ láti gbà á padà láìdúró dè mí. Àwọn lọ́yà olùdókòwò ti dá a lábàá: kí wọ́n kọ lẹ́tà sí mi, kí wọ́n ka ọjọ́ mẹ́rìnlá, ó parí. "Àbúrò yín ló kọ̀. Ó ní bí kò bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ ara yín dá a padà, kí wọ́n máa gbé owó wọn lọ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ilẹ̀ ò gbà mí mọ́. Mo dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, mo ní, "Gbọ́, ọmọ yẹn mọ̀ mí ní ẹ̀gbọ́n! Ó fẹ́ pàdánù gbogbo nǹkan nítorí iyì mi!" Mo ti pinnu pé màá fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó jẹ́ ní gbangba, lójú olówó, kí wọ́n gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n yìí ṣe. Mo lọ aṣọ mi fúnra mi.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù, àwa mẹ́rin la jókòó sídìí tábìlì lọ́yà: lọ́yà, àbúrò mi, èmi, àti olùdókòwò náà, ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé tiẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ sọ pé ẹ̀rọ tó ti ṣe nínú yàrá ẹ̀ kí iléeṣẹ́ tó wà ti di ti iléeṣẹ́ báyìí. Èkejì sọ pé ọdún mẹ́rin ni á fi máa fi iṣẹ́ gba ìpín tiẹ̀ fúnra ẹ̀. Bó bá lọ lẹ́yìn ọdún kan, èyí tí kò tíì fi iṣẹ́ gbà, iléeṣẹ́ á mú un.

"Kí lẹ wí?" ni mo figbe ta. "Ohun tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, kó tún máa ṣiṣẹ́ gbà á?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbà," ló wí. Kò wojú mi.

Ó wá kan tèmi. Olùdókòwò náà ní òun fẹ́ bèèrè nǹkan kan, kì í ṣe ti òfin, kóun kàn lè mọ irú ẹni tóun fẹ́ bá ṣòwò ni. Ó bi àbúrò mi pé kí ló dé tó fi fún ẹni tí kì í bá a ṣiṣẹ́ ní ohun tó ju ìdajì lọ.

Mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Mo ní, "Sọ fún wọn. Má tijú. Sọ fún wọn dáadáa."

Ó ń yí bíírò lọ́wọ́.

"Ẹ̀rù ló bà mí," ló sọ níkẹyìn.

"Ẹ̀rù kí ni? Ẹ̀rù owó orí?"

"Ẹ̀rù yín, Ẹ̀gbọ́n." Ohùn ẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kò dúró. "Mo ti kọ́kọ́ kọ ọgọ́ta síwájú orúkọ mi. Mo wá rò ó pé ẹ máa rí i lọ́jọ́ kan. Mo rò ó bí ẹ ṣe máa pariwo, bí ẹ ṣe máa ka gbogbo géètì tí ẹ jó fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ni mo bá pa á rẹ́. Mo ní tó bá ti jẹ́ tiyín, ẹ ò ní lè sọ pé mo ti ga jù yín lọ."

"Ṣùgbọ́n o kọ̀ kí wọ́n gbà á láìdúró dè mí. Lọ́yà sọ fún mi."

"Ìyẹn náà," ó ní. "Ẹ̀rù náà ni."

Lọ́yà ń wo fáìlì. Olùdókòwò náà ń wo ọwọ́ ara ẹ̀. Ojú tì mí, ẹ̀yin èèyàn, ojú tì mí títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Mo wá ìbínú mi kí n rí nǹkan fi bo ara, mi ò rí i. Àádọ́ta ọdún dín mẹ́ta ni mo ti lò láyé, mo ń pe ara mi ní òpó tí ọmọ yìí fara tì, àṣé òpó náà gan-an ló ń sá fún.

Mo ní kí wọ́n mú ìwé wá. Lọ́yà kà á sókè fún mi láti òkè délẹ̀, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀. Mo fọwọ́ sí i. Mo wá ní, "Ẹ kọ márùn-ún yẹn náà kúrò lórúkọ mi. Mi ò fẹ́ ẹ̀bùn ẹ̀rù."

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n," ni àbúrò mi wí kíákíá, ojú wa sì pàdé fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Márùn-ún yẹn, mo fẹ́ fún yín ni. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é. Àwọn lọ́yà wọn fẹ́ kí n gbà á tán pátápátá, èmi ni mo ní rárá."

Mo ní ó dáa. Olùdókòwò náà bọ̀ wá lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní owó á wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Àwa méjèèjì la jọ jáde. Lórí àtẹ̀gùn, mo dúró, òun náà dúró, ó fi àkàsọ̀ kan ga jù mí lọ.

"Ṣé ẹ̀rù mi ṣì ń bà ẹ́?" ni mo bi í.

Mo rò pé á sáré ní rárá, bí àwọn èèyàn ṣe máa ń ṣe. Kò sáré. Ó rò ó dáadáa, ó tún fáìlì gbé sábẹ́ apá.

"Díẹ̀," ó ní.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.